Ipa Táyà Lórí Iyanrìn

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í dá mi lóhùn bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí yín láàárọ̀,

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wò ó, Yorùbá ni mo fi ń kọ èyí. Àǹtí Sikira, àbúrò yín, ló ń kọ́ mi ní àmì ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ọṣẹ rẹ̀ lọ́jà Kotobabi. Mo ti parí ilé-ìwé tí ẹ rán mi lọ lókè òkun, mo ti padà sí Accra, yàrá yín ni mo sì ń sùn. Àǹtí wà ní yàrá kejì. Ọ̀pá méjèèjì tí ẹ fi ń rìn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìròyìn kan wà tí ẹ ò tíì gbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ fi ayé sílẹ̀, àtọ̀gbẹ bá Àǹtí jà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Àga onítáyà ló fi ń rìn báyìí. Ẹ má dààmú, ẹnu rẹ̀ ò dín kù. Tí oníbàárà bá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ọṣẹ lọ, á ní, "Màdáámù, ọṣẹ ni mò ń tà o, mi ò ta ẹsẹ̀."

Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ tí mo bá ní Àǹtí ń gbá gọ́ọ̀fù?

Èmi ni mo kó o sí i. Ohun tí mo kọ́ nílé-ìwé ni bí a ṣe ń ran ẹni tí ara rẹ̀ ti yí padà lọ́wọ́, kó lè tún máa ṣe nǹkan tó wù ú. Mo gbọ́ pé pápá gọ́ọ̀fù kan lẹ́yìn ìlú fẹ́ wò ó bóyá àwọn aláàbọ̀ ara lè máa wá gbá a ní Sátidé, mo bá lọ yọ̀ǹda ara mi. Kọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ fi hàn mí bí ẹni tó jókòó ṣe lè fi ọwọ́ kan di apá àga mú, kó fi ọwọ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Mo bẹ Àǹtí pé kó wá. Ó wò mí tòkè tilẹ̀. "Kí àwọn ará ọjà Kotobabi lè sọ pé Alata, ìyá Yorùbá yìí, ti ya wèrè, àbí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, kí n tó jí, ó ti wẹ̀, ó sì ti wọ bàtà rẹ̀ kan tó dára jù.

Ó mọ̀ ọ́n gbá, Bàbá mi. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í lọ jìnnà, àmọ́ kì í yà. Ibi tí wàhálà wà ni ibi ihò. Pápá yìí ò ní omi tó lè mú koríko tútù dúró, nítorí náà iyanrìn ni wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ yí ihò ká. Búráùn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá tó ń tọ́jú rẹ̀, bàbá Gã kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní táyà ò tíì gun búráùn òun rí. Ó fún wa ní àárọ̀ kan péré. Bí àga bá fi lè ba ilẹ̀ náà jẹ́, kò ní sí Sátidé mọ́, kì í ṣe fún Àǹtí nìkan, fún gbogbo àwọn tó fẹ́ wá lẹ́yìn rẹ̀ náà ni.

Iyanrìn yẹn ló jẹ́ kí n máa ro tiyín. Ṣé ẹ rántí àgbàlá oníyanrìn wa? Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ yín láti kékeré. Láràárọ̀, kí ẹ tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù wáyà àti gílóòbù yín ní Okaishie, ẹ máa ń lọ sídìí ẹ̀rọ omi lọ ṣe àlùwàlá. Ihò róbótó tí ọ̀pá yín lu á wà lọ́tùn-ún, á wà lósì, ilà kan á sì wà láàárín níbi tí ẹsẹ̀ yín ti wọ́ gbà. Mo fẹ́ràn àtimáa fò láti ihò dé ihò. Ṣùgbọ́n kí n tó fò dé ìdajì, ẹ ti jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ ti na ìgbálẹ̀ gígùn yẹn, ẹ ti ń pa wọ́n rẹ́. Mo gbà lọ́kàn mi pé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bí ẹ ṣe ń rìn. Mi ò bi yín rí.

Ó dáa. Àǹtí yí àga rẹ̀ gun búráùn. Nígbà tó dúró, ilà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì jìn. Ọ̀gá pápá bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ọ̀kan. Kọ́ọ̀ṣì ń wo bàtà ara rẹ̀. Èmi ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kiri lórí, Gã mi ò sì tó nǹkan.

Àǹtí gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ní sùúrù. Ó kù díẹ̀ kó wọ ihò. Ó wá ní, "Ẹ gbé nǹkan yẹn fún mi." Igi gígùn kan wà níbẹ̀ tó ní irin pẹlẹbẹ lẹ́nu, òun ni àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù fi ń tẹ́ iyanrìn. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi so igi náà mọ́ ẹ̀yìn àga, ó yí padà, ó sì gba ojú ilà rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, irin náà ń tẹ́ ilẹ̀ bó ti ń lọ.

"Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀. Tí ẹ bá rí ibi tí mo gbà, kí n má padà wá mọ́."

Ọ̀gá pápá gbá bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kọjá. Kò ta, kò yà. Ó tún un gbá, bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn. Ló bá kọjú sí èmi. "Ìwọ ńkọ́? Ojú bàtà rẹ jìn ju ti táyà ìyá yìí lọ." Mo wẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Èmi náà gba igi, mo tẹ́ ojú ẹsẹ̀ mi. Ó ní ká padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ìyá má sì gbàgbé ìborùn rẹ̀ sílé.

Nínú táàsì, mo bi Àǹtí níbi tó ti kọ́ irú èyí. Ó ní, "Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Mo bi í bóyá ìtìjú ló ń mú yín gbá ilẹ̀ yẹn. Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìborùn rẹ̀, ó ní, "Mi ò bi í rí. Ìwọ tó o ń fi Yorùbá kọ nǹkan kiri, bi í."

Mo ti wá bi yín. Ṣé ìtìjú ni? Àbí àwọn tó ń bọ̀ wá pọn omi lẹ́yìn yín ni ẹ ń rò, kí wọ́n má bàa kọsẹ̀? Lórí búráùn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni gbogbo ènìyàn ń tẹ́ ilẹ̀ fún, ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti onítáyà. Àbí ohun méjèèjì lè wà lọ́wọ́ ìgbálẹ̀ kan náà? Ká ní ẹnìkan ti pè yín sí pápá yẹn nígbà ayé yín, ṣé ẹ bá lọ?

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ọ̀pá yín kan jáde, mo fi lu ihò kan sínú iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò pa á rẹ́. Nígbà tí Àǹtí ń yí àga rẹ̀ lọ sọ́jà, ó rí i, ó dúró díẹ̀, ó sì yà fún un.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń fò láti ihò ọ̀pá yín kan dé èkejì.