Iná Ara Ẹ̀rọ Ìyálé Ìyá Mi

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n lórí rédíò, mo kí yín láti Ìkòròdú. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa.

Ìyálé ìyá mi ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ní gílóòbù lórí. Nígbà tó kú, bàbá wa gbé e fún ìyá mi. Inú ọmọ olóògbé náà kò dùn sí i. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kúlúsúmù. Kò pẹ́, bí ìyá mi bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, iná á gbé e títí dé ìgúnpá.

Ìyá mi ní, "Ìyálé mi ń bínú." Ó da aṣọ bò ó, ó ṣe sàráà, ó sì lọ bẹ Kúlúsúmù.

Nígbà tí ìyá mi lọ kí àwọn ará rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, mo fa ẹ̀rọ náà yọ kúrò lára iná, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà wáyà gílóòbù ti bó, wáyà inú rẹ̀ sì ń kan irin. Mo ra tuntun ní gáréèjì, mo pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi dé, ó fọwọ́ kàn án, iná kò gbé e. "Alihamudulilahi! Ó ti dárí jì mí!"

Nígbà tí Kúlúsúmù gbọ́, òun fúnra rẹ̀ gbé aṣọ Iléyá wá. "Ìyá, ẹ rán an kó bá mi mu o! Tí ẹ bá bà á jẹ́, màá fẹjọ́ yín sun ẹni tó ni máṣíìnì." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Bí mo bá dákẹ́, wáyà á tún gbó lọ́jọ́ kan, ìyá mi á tún máa bẹ òkú dípò kó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀rín yẹn lè tán. Ẹ̀yin àti ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kà á láìfòyà. Ìyá mi kì í sí nílé lásìkò ètò yín mọ́. Ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù ló máa ń lọ jókòó sí.

Èmi ọmọ yín, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.