Màmá Arlene Hruska (1947–2024): Ẹni Tó Rí Ẹ̀yìn Ògiri

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 1947, ni a bí Màmá Arlene Ludmila Hruska ní ìlú Carrow's Landing, létí odò Ohio, sínú ìdílé Štefan Vavrek àti aya rẹ̀, Ludmila. Àwọn òbí Bàbá Štefan ló ti Slovakia wá ṣiṣẹ́ irin níbí, ibi tí wọ́n dé sí náà ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Ọmọ márùn-ún ni Ludmila bí, méjì péré ló dàgbà: Màmá tí í ṣe àkọ́bí, àti Milan àbúrò wọn, tí Màmá fi ọdún mọ́kànlá jù lọ. Màmá ló kọ́ Milan ní ìrìn, Màmá ló kọ́ ọ ní àdúrà, ọwọ́ Màmá ló sì dì mú lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ilé ìwé ìjọ Sẹ́ńtì Síríìlì ni Màmá ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí ìwé girama ní ọdún 1965. Iṣẹ́ olùkọ́ ló wù wọ́n láti kọ́, àmọ́ ọdún náà ni irin já lu Bàbá Štefan lẹ́yìn níbi iṣẹ́, àkọ́bí ò sì lè filé sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Gorman ni wọ́n bá lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀.

Ní 1969 ni wọ́n fẹ́ Denton Hruska, ọkùnrin aláwàdà kan tó ń wa ọkọ̀ tó ń fa èédú lójú odò. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá Denton máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ tí Arlene bá ní kò dáa, ẹ má jiyàn. Èmi ti jiyàn rí, ẹ wò mí bí mo ṣe ń gbọ́ rédíò tó ń húkọ́." Bàbá Denton ṣíwájú Màmá lọ ní ọdún 2009. Ìlú yìí kún ilé wọn lọ́jọ́ ìsìnkú náà débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹbí ń rántí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Màmá kọ́ ọ, wọ́n ń tà á. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, wọ́n kọ́ tìyẹn náà. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kéde pé òun yóò máa gba èyí tó bá ti gbó padà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Wọ́n ní àwọn yóò tú u palẹ̀, àwọn yóò yọ ohun tó ṣì wúlò, oró inú rẹ̀ kò sì ní kan ilẹ̀ tàbí omi. Ṣọ́ọ̀bù Gorman ni wọ́n mú ní ibi ìkójọ. Ilé-iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ títú palẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan, ẹni yẹn sì gba ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó ti ṣófo látìgbà tí iṣẹ́ irin ti kú. Ó gba àwọn ọmọ ìlú síṣẹ́. Milan di ọ̀gá wọn níbẹ̀. Ayọ̀ Màmá kún.

Màmá fi gbogbo ara ṣe ètò náà. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ nílé ìwé, wọ́n wọlé àwọn àgbàlagbà tí kò lè gbé nǹkan, wọ́n bá wọn gbé e. Bí ẹnì kan bá béèrè pé níbo gan-an ni wọ́n ń kó o lọ, Màmá á ní ọ̀dọ̀ àbúrò òun ni. Ìdáhùn yẹn tó gbogbo ayé. Wọ́n á lẹ bébà pélébé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọn lára, wọ́n á kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i, tírélà á sì wá kó o.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, Màmá gbé àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí Milan lọ bá a níbi iṣẹ́. Kò sẹ́nì kankan níwájú. Wọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá, wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn ògiri.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni ojú tẹlifíṣọ̀n àti ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí wọ́n ti fọ́ ìdí wọn, tí wọ́n kó jọ gàgàrà lórí ilẹ̀ lásán, tó ga ju orùlé gàréèjì lọ. Òjò ń rọ̀ sí i. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé àwọn Yoder, aládùúgbò ibẹ̀, kọjá. Bébà aláwọ̀ ìyeyè ṣì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Milan jáde, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wọlé. Òjò ń pa yín."

"Kí ni mò ń wò yìí, Milan?"

Milan ní bàbà àti àwọn pátákó pélébé tí iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ ló lówó lórí, àwọn sì ti yọ ìyẹn. Gíláàsì yìí, òjé olóró ló kún inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó bá a gbé e lọ. Ọ̀gá ní kí àwọn kó o sẹ́yìn ná.

"Ná yẹn ti tó ọdún mélòó?"

Milan nu òjò kúrò lójú. Ó ní, "Ẹ ro tàwọn ọmọ mi kí ẹ tó lanu."

"Orúkọ mi lo fi ń bo ilẹ̀ yìí," ni Màmá wí. "Èmi ni mò ń bá ẹ pe àwọn èèyàn kí wọ́n kó o wá."

Màmá gbé àkàrà náà padà sílé. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn ẹ̀rọ náà lórí fóònù. Ọmọbìnrin olóhùn dídùn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ayé, ó sì ṣàlàyé pé bí ẹrù bá ti dọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, kì í ṣe tàwọn mọ́. Màmá bi í pé orúkọ ta ló wà lójú ẹ̀rọ náà gàdàgbà. Ó ní òun yóò bá wọn béèrè. Ó ṣì ń béèrè títí di òní.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá dìde lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn tí ẹ jókòó sí yìí gan-an, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní kí àwọn tó ń bu omi kànga létí odò kékeré náà jọ̀ọ́ má bu ú mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan, tí ẹbí kò ní dárúkọ nítorí ó wà láàárín wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Arlene, ẹ ò bá ti dákẹ́. Gíláàsì yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ló máa lọ."

Ó sọ òótọ́, ó sì dunni pé ó sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọba, wọ́n wá, wọ́n ti ilé náà pa. Agbaṣẹ́ṣe náà kó lọ sí Florida, a gbọ́ pé etíkun ni ilé rẹ̀ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sílé, Milan sì kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Indiana láìdágbére. Gíláàsì náà ṣì wà níbẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀ sí i.

Ẹni tí ìlú lè bínú sí kò ju ẹnì kan lọ, Màmá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ṣọ́ọ̀bù Gorman lọ ra fóònù nílùú kejì. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ Gorman, tó ti ń darí ṣọ́ọ̀bù náà, ní kí Màmá máa lọ sinmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga ọ̀tún wọn ṣófo, tòsì wọn ṣófo. Wọn ò sì torí ẹ̀ pa ìsìn kan jẹ. Wọ́n ní kì í ṣe ilé àwọn aládùúgbò ni àwọn ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan gbé tẹlifíṣọ̀n tó ti kú sẹ́nu ọ̀nà wọn. Òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé ìyẹn. Màmá ò sunkún, wọn ò sì bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ọgbà kó wọn wọ gàréèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi tapólì bò wọ́n kí omi má baà kàn wọ́n. Àwọn ọmọ Màmá fẹ́ kó di mímọ̀ pé gàréèjì náà yóò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú òní. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ mọ̀, kó wá gbé e.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú Màmá. Theresa ọmọ wọn pe Milan ní Indiana, ó ní kó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Milan ní, "Bá mi sọ fún wọn pé mo ti gbọ́." Ó sì pa fóònù. Nígbà tí Theresa jíṣẹ́ náà, Màmá ní, "Ṣé ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí ara rẹ̀ le?" Theresa ní ó le. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ, Theresa bi wọ́n bóyá kí òun kọ orúkọ Milan sínú ìwé yìí. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá kan ló bí wa. Àmọ́ má kọ ọ́ pé a parí ìjà o, torí a ò parí ẹ̀."

Màmá dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, ọdún 2024. Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀ lọ, Theresa Lindqvist àti Gregory Hruska. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Maren, Hollis àti Štefan kékeré. Àti àbúrò kan, Milan Vavrek, tí wọn ò bá parí ìjà.

Halúṣkì, oúnjẹ ìyẹ̀fun ilẹ̀ Slovakia, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìsìn. Màmá fúnra wọn ló ní kí oúnjẹ pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ lébi, ẹni yòówù kó jẹ́.

Màmá, ẹ sùn. Ẹ ò jẹ ìlú yìí ní ohunkóhun. Ilẹ̀ tí ẹ gbèjà rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin nìkan dúró, òun la fi yín lé lọ́wọ́. Kó gbà yín dáadáa ju bí a ti ṣe lọ.