Kókó Idẹ Ìdí Idà Bàámi

Bùọ̀dá mi Lazarus,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Ara Màámi ti yá. Iṣu ta lọ́dún yìí, àmọ́ òjò ti ba ọ̀nà oko jẹ́.

Bùọ̀dá, ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún ti ń sún mọ́lé, Bàámi sì ti ń fi idà ìdílé wa dánra wò. Ẹ mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jù ú sókè níwájú ọba, kí wọ́n sì hán an. Láàárọ̀ àná, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màámi. Bàámi ní ọjọ́ ogbó ló dé, wọ́n ń fi òróró pa ọwọ́. Irọ́ ni! Mo fi idà náà gbá igi, ọwọ́ tèmi náà gbọ̀n dé ìgúnpá. Igi tí wọ́n fi rọ́pò kókó idẹ ìdí èèkù ti fúyẹ́ jù, ṣóńṣó idà wá ń fa ọwọ́ wálẹ̀.

Mo ní kí wọ́n má jù ú lọ́dún yìí. Wọ́n ní ṣé kí àwọn wá fi ọ̀bẹ ìdáná jó fún ọba ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fi kókó idẹ tí Bàámi yọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sókè òkun ránṣẹ́ sí wa. Olúwa á ṣọ́ ilé yín. Bàbá wa àgbà ni ẹ ní ẹ fẹ́ máa fi kókó náà rántí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi rántí Bàámi.

Àbúrò yín,
Keziah