Oríkì Àyálò

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara wa le, iṣẹ́ wẹ́dà ń lọ. Ẹ má pe fóònù àbúrò mi obìnrin o, omi ti wọnú ẹ̀. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè kọ̀wé.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀. Èmi táwọn oníbàárà ń pè ní Má-Kí-Mi! Ọmọ ọdún márùn-ún ti gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ wọlé, kò bínú, bójú ẹ̀ ṣe rí nìyẹn." Mo jágbe mọ́ ọn, ó ní, "Ṣé ebi ló ń pa yín ni?"

Àárọ̀ nìkan ló le. Tó bá jí, á jókòó sórí ẹní, kò ní wẹ̀, kò ní jẹun. Mo bínú títí kó tó yé mi pé ó ń retí kí n fi oríkì kí òun, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi níbí mọ́. Mo bá fi tèmi kí i, èyí tẹ́ ẹ fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún, oríkì ọkùnrin gìrìpá! Ó wò mí sùn-ùn, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ ẹ.

Ẹ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Kò dáa kó máa jẹ́ tèmi dàgbà.

Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ọmọ kí yín. Ìyá rẹ̀ náà kí yín. Ọmọ ló ní kí n kọ ọ́; ojoojúmọ́ ló ń bi mí ìgbà tí ìyá òun máa dé.