Ehoro Tó Rì Sínú Ife Ìgbéyàwó

Arita,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Kanae ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àlàáfíà ni Shuhei àfẹ́sọ́nà rẹ wà, òun àti àwọn òbí rẹ̀? Kí òtútù Sendai má mú ọ kí ọjọ́ ìgbéyàwó yín tó pé. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ti sú mi pátápátá.

O mọ̀ pé a ṣèlérí láti kun ife tíì méjì fún yín, ńlá fún ọkọ, kékeré fún aya, kí ẹ fi mu tíì níwájú àwọn àna wa. Ìwọ fúnra rẹ lo yan ehoro funfun tó ń fò lórí ìgbì omi. Bàbá rẹ ni yóò fa ìlà, èmi ni n ó fi búrọ́ọ̀ṣì da aró búlúù sínú ìgbì, bí a ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan yin aró mi. Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìlà gan-an ni iṣẹ́ o jàre. Aró dídà ò ju kéèyàn bomi rin ewébẹ̀ lọ.” Mo tú épúrọ́ọ̀nù mi. Mo ní, “Ó dáa, Bàbá Kanae, ẹ máa bomi rin ewébẹ̀ yín.”

Àgídí ọkùnrin yìí! Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ńlá mi, ó ń súfèé. Umezaki aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Háà, Bàbá Kanae, ṣé ẹ ti wá di ìyàwó ara yín ni?” Amọ̀ tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kíá ló ń fa omi mu. Bẹ́ẹ̀ eérú ni aró náà jọ títí iná yóò fi sọ ọ́ di búlúù. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.

Nígbà tí a ṣí ìléru, ìgbì dúdú bí ìdí ìkòkò níbì kan, ó sì funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì níbòmíràn. Àwọn ehoro ti rì, etí wọn nìkan ló kù lókè. Bàbá rẹ ní iná ló fà á. Nígbà tó yá, ó ní òjò ni. Ǹ bá rẹ́rìn-ín ká ní kì í ṣe ife ìgbéyàwó rẹ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì kù tí a ó dáná sí ìléru kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo ní tí kò bá bẹ̀ mí, n kò ní fọwọ́ kàn án. Kò bẹ̀ mí. “Oúnjẹ ti délẹ̀,” “Mo ti gbọ́,” kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ilé. Mo ń rò ó pé ife ọjà lẹ ó fi mu tíì lójú àwọn àna, ó ń dùn mí wọra, síbẹ̀ n kò lè tẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ibi iṣẹ́ láti mú ìgbálẹ̀. Ife tuntun méjì ló wà níwájú ìjókòó mi. Ó ti fa ìlà ehoro àti ìgbì, kò sì kan aró rárá. Ó ti fọ búrọ́ọ̀ṣì mi. Ó ti fọ épúrọ́ọ̀nù mi, ó sì lọ̀ ọ́, ẹni tí kò mọ ibi tí áyọ́ọ̀nù wà! Ó jó o létí. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn? Inú tún bí mi. Mo sunkún díẹ̀, mo so épúrọ́ọ̀nù jíjó náà mọ́dìí, mo da aró.

Àná ni a kó wọn jáde. Ehoro yín ń fò, kò rì. Bàbá rẹ yí ife ọkọ sọ́tùn-ún sósì, ó ní, “Aró yìí mà dára o.” Èmi kọ́ ló ń sọ fún o, ológbò ló kọjú sí. Bí ife bá dé, wo ìgbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ tó dúdú ju ìyókù lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń bínú lọ́wọ́. Má sọ fún àwọn àna.

Kí ilé yín tura. Kí ẹ má wá ọ̀rọ̀ tì láàárín ara yín. Kí “jọ̀wọ́” má wọ́n lẹ́nu ọkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Fumie

Àfikún: Bàbá rẹ ti ka lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa ló ní kí n kọ ọ́ síbí pé áyọ́ọ̀nù ló gbóná jù.