Fíìmù Tí A Wò fún Àlàájà Mabruka

Al-Ruwais,
Jẹ́dà.
Ọjọ́ Sátidé.

Naheem, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé o ń jẹun dáadáa, àti pé òtútù Kánádà kò tíì sọ ọ́ di yìnyín. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún òsì tó ń rán mi létí lójoojúmọ́ pé mo ti pé ọgọ́ta ọdún.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti rí ìwé mi. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí o sọ fún mi lórí fóònù pé ọkùnrin kan wà tí o fẹ́ràn, pé ẹ jọ ń gbé. Mo pa fóònù kí o tó parí ọ̀rọ̀, n kò sì gbé ìpè rẹ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ láti Ìlọrin. Ó rò pé n kò mọ̀. Orí ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí mo mọ ara mi: tó bá jẹ́ fóònù ni, inú á ti bí mi kí a tó kí ara wa tán. Tawfiq, dókítà eyín, ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ó ṣèlérí pé òun kò ní kà á. Irọ́ ni.

O rántí Yazeed ẹnjiníà tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Mabruka, wá láti Az-Zahir ní Mẹ́kà nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá ṣe Hájì láti Ìsẹ́yìn tí wọn kò padà mọ́. Ìhín ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì jẹ́ ti ayé àtijọ́. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí a ti jẹ ìrẹsì tán, ó ní fíìmù tí a ṣèlérí fún òun dà? Mo ní, “Àlàájà, pẹ̀lú ojú yìí?” Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin ò lójú ni? Ẹ máa wò ó fún mi.”

Tawfiq ló fa gbogbo rẹ̀. Nítorí pé àgbàlagbà máa wà níjòókòó, ó ti lọ bá ọmọ Filipíìnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kó fún òun ní fíìmù tó mọ́: kò gbọdọ̀ sí obìnrin tó ṣíra sílẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ọkùnrin àti obìnrin tó ń dì mọ́ ara wọn. Ọmọ náà ronú, ó sì fún un ní ohun tó béèrè gẹ́lẹ́. N kò rí ẹ̀bi rẹ̀.

Fíìmù òyìnbó ni. Ọkùnrin kan ń ṣe búrẹ́dì, èkejì ń wa ọkọ̀ ojú omi. Tawfiq ló ń túmọ̀. Ó sọ David di Dáúdà, ó sọ Joseph di Yúsúfù, kí ara ìyá lè balẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ pé fíìmù ẹlẹ́kọ̀ọ́ nìyí, kí wọ́n wo bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Dáúdà fi di ọwọ́ Yúsúfù mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Tíì dà lé Yazeed lẹ́sẹ̀. Ó sáré lọ fa kọ́tìnnì bí ẹni pé gbogbo Jẹ́dà ló ń yọjú. Tawfiq ń wá rìmóòtù, orí rẹ̀ ló sì jókòó sí. Àlàájà ní, “Ẹ ti dákẹ́. Kí ni wọ́n ń ṣe?” Tawfiq ní wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá ní, “Láti àárọ̀?” Yazeed ní àdéhùn okòwò ni. Nígbà tí wọ́n wá sún mọ́ ara wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Tawfiq àti Yazeed wo èmi. Mo ní nǹkan ló kó sí Yúsúfù lójú, Dáúdà ń bá a fẹ́ ẹ. Èmi olùkọ́ yunifásítì! Àlàájà mi orí, ó ní, “Ojú! Wallahi, mo mọ bó ṣe ń dunni.”

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ: Tawfiq rí rìmóòtù náà, ó dì í mú, kò tẹ̀ ẹ́. Yazeed lọ ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbàkígbà tó bá sì padà dé, á béèrè pé, “Ṣé ó ti dá a lóhùn?” Nígbà tí Dáúdà fi ìbínú lọ, tí Yúsúfù dúró sí èbúté tí kò lè pariwo, Yazeed yìí kan náà ló lu itan rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pàdánù pẹ́nárítì fún, ó ní, “Pè é padà, ìwọ ojo yìí!” Ó wá rántí ara rẹ̀, ó ní, “Astagfirullah.”

Ìgbà náà ni Àlàájà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ojú ló ń dùn mí, etí ò dùn mí. Ohùn ẹni tó ń sọ ìfẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sọ owó. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa fún mi, ẹ yéé purọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀.”

Tawfiq ní ohùn òun ti há, iṣẹ́ ìtumọ̀ sì já lé mi léjìká. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi bàbá Dáúdà hàn. Naheem, ọkùnrin yẹn jókòó, fóònù ń dún níwájú rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ hàn lójú fóònù náà gbàgàdà, ó kàn ń wò ó. Àlàájà ní, “Ṣé wọn ò ní gbé e ni?” Ó tún bi mí. Mo ní, “Bàbá rẹ̀ ni, Àlàájà. Ó ń bínú.” Ó ní, “Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Òsì tirẹ̀ dà?” Omi bọ́ lójú mi, mo sì ní nǹkan ló kó sí mi lójú. Ó ní, “Ìwọ náà? Ta ni yóò wá bá ọ fẹ́ ẹ?” Tawfiq rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Fíìmù parí; Dáúdà àti Yúsúfù padà bá ara wọn. Àlàájà ní kí Tawfiq kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé àdúrà òun. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí Haram, mọ́sálásí mímọ́ Mẹ́kà, ẹrù orúkọ la máa ń dì lé e lórí: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá físà. Yazeed ní, “Àlàájà, fíìmù ni, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ó ní, “Irú wọn ò sí láyé ni? Ọlọ́run mọ ẹni tó máa fún.” Ó wá kọjú sí mi: “Mojeed, ta ni kí n dárúkọ fún ọ, kí ni kí n sì bá ọ tọrọ?”

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń tọrọ ohun kan ṣoṣo, pé kí Ọlọ́run yí ọ padà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Naheem, ọmọ mi. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó má bínú sí mi.”

N kò ní tàn ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé mi tán, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí rẹ. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ ọ́. Tí o bá pè, n óò gbé e. Tí mo bá dákẹ́, má pa á. Ọ̀rọ̀ ni mo ń wá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, kí wọ́n fẹ́ ọ. Ojú kò ní tì ọ́, ojú kò sì ní tì mí lórí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mojeed.

Mo gbàgbé: bí Tawfiq ṣe ń kọ orúkọ rẹ, Àlàájà béèrè bóyá ìwọ nìkan lò ń gbé. Mo ní rárá, ìwọ àti ẹnì kan ni. Ó ní òun kì í dárúkọ ẹnì kan nínú ilé kí òun fo èkejì, kí ni orúkọ ẹni náà? Mo ní n kò mọ̀. Yazeed kàn bu tíì sí i fún mi. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìyá ń padà sí Mẹ́kà. Jọ̀ọ́, kí ni orúkọ rẹ̀? Ọmọ ta ni?