Ìyá Ọlọ́pẹ, Tí Wọ́n Gbẹ́ Ilẹ̀ Kí Ọ̀pẹ Má Baà Kan Òrùlé

Ní ọdún 1943, nínú yàrá kan tí ògiri rẹ̀ fara ti ọgbà òdòdó, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ọlọ́pẹ. Olùtọ́jú ọgbà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ìyá wa ni àbíkẹ́yìn, àwọn náà sì ni alágídí ilé.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà já. Nígbà tí àìsàn dá bàbá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n gba agolo ìbomirin lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì gbé e kalẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1967, yìnyín fọ́ òrùlé ilé gíláàsì ọgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pẹ inú ìkòkò kí òtútù má baà pa á. Gíláàsì kan péré ni wọ́n pe bàbá wa, oníṣẹ́ gíláàsì, wá pààrọ̀, ṣùgbọ́n títí ìgbà ooru fi parí, bàbá wa ṣì wà lórí àkàbà. Ẹni tó lójú mọ̀ pé kì í ṣe gíláàsì ni wọ́n ń wò. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá wa sì kọ́ ilé gíláàsì tiwọn sẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ bàbá wa ló to gbogbo òrùlé rẹ̀. Ọdún 1989 ni bàbá wa papò dà.

Ìgbà ooru ni iṣẹ́ ọ̀pẹ máa ń le jù. Kí oòrùn tó mú, ìyá wa á ti po ẹfun, wọ́n á fi kun gíláàsì kí ewé má baà jó. Wọ́n á ṣí fèrèsé òkè, wọ́n á da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí inú ilé tutù, wọ́n á sì ti ìka bọ ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bomi rin ín.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń yá ìjọ ní ọ̀pẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n bí ìkòkò bá padà dé, wọ́n á gbóòórùn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. "Ta ló da ọtí sọ́mọ mi lẹ́nu?" Àwọn àgbà ìjọ á wá máa sá sẹ́yìn ara wọn.

Ọ̀pẹ kan wà tí kò mọ̀ pé inú ìkòkò lòun wà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí a tó fura, màrìwò rẹ̀ ti kan òrùlé. Àwọn kan ní kí wọ́n gé e lórí. Ọ̀pẹ kò ní ju orí kan lọ. Bí a bá gé e, ó parí. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n yọ gíláàsì. Ìyẹn ni ìyá wa kò fẹ́ gbọ́ sétí rárá, nítorí òrùlé yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wa tó kù. Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò náà sínú kòtò. Nígbà tó tún kan òkè, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu á yà wá: igi ń lọ sókè, ìyá wa ń gbẹ́ ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tó rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru yìí, omi sun nínú kòtò náà. Gbòǹgbò tó bá wà nínú omi á jẹrà, nítorí náà kò sí ibi tí a tún lè gbẹ́. Ara ìyá wa kò yá mọ́. Wọ́n ní kí a gbé àga àwọn lọ síbẹ̀, wọ́n sì wo òkè títí.

"Ẹ yọ gíláàsì yẹn."

Àkọ́bí wọn ní, "Màmá, èyí tí Bàbá tò?"

"Bàbá yín ò to gíláàsì kó lè máa pa nǹkan. Ẹ yọ ọ́. Ẹ rọra o, ẹ má fọ́ ọ."

A yọ ọ́. Màrìwò náà yọ síta, ó ṣí, afẹ́fẹ́ òde sì fẹ́ sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹwà ohun tí a rí bà wá lẹ́rù. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n dágbére fáyé.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò ọkọ kan sáyé lọ.

Ìgbà òtútù ń bọ̀, ihò sì wà lórí ilé. Àbíkẹ́yìn wọn, tó jogún iṣẹ́ gíláàsì, ti gun òkè lọ wọn ilé náà. Ó ní òrùlé lòun máa gbé sókè báyìí, gíláàsì bàbá wa náà lòun á sì tò padà sí i.

Màmá, ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ tó gẹ́ẹ́. Ó kù sọ́wọ́ wa. Ẹ sùn re o.